Ẹ Dán Fíìmù Wò Kí Ẹ Tó Fi Ya Adúmáadán

Ẹni àkọ́kọ́ tó sanwó fún mi kí n fi fíìmù ya òun ni màmá kan níbí n'Íbàdàn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí 80 ọdún. Léèsì funfun, gèlè funfun, iyùn lọ́rùn. Wọ́n jókòó bí àgbà ṣe ń jókòó ya fọ́tò, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú kọ kámẹ́rà gan-an. Mo wo nọ́ńbà tó wà lára páálí fíìmù, mo yí mítà tó ń ka ìmọ́lẹ̀ sí i, mo ya méjìlá, mo dúpẹ́, mo lọ. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo gbé fọ́tò dé, Màmá gbà á, wọ́n rìn lọ sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. “Ọmọ mi, o ṣeun. Aṣọ mi rèé. Èmi alára dà?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èèyàn lè ka ihò ara léèsì yẹn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ojú Màmá ti di èédú, eyín tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nìkan ló yọ níbẹ̀. Mo dá owó padà, mo sì bẹ̀bẹ̀.

Páálí ò purọ́, fíìmù náà ò sì bàjẹ́. Èmi ni mo gbé fíìmù tí n ò tíì dán wò lọ síwájú ẹni tó ti sanwó. Láti ọjọ́ yẹn, irú fíìmù yòówù kó wọ sítúdíò mi, rólù kan gbọ́dọ̀ lọ fún ìdánwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rólù kan kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá kámẹ́rà bàbá yín nínú àpótí, tí ẹ ń bi mí pé fíìmù wo ló dáa fún ojú èèyàn, ẹ fara balẹ̀. Fíìmù tí ẹ bá mọ̀wà ẹ̀ ló dáa.

Yorùbá ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí sílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí awọ ara ẹ̀ bá wù wá, a kì í kàn pè é ní dúdú. Adúmáadán là ń pè é. Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: ó dú, ó sì tún ń dán. Awọ tó dú lórí fọ́tò tí kò dán, èédú ni. Èyí tó dán tí kò dú, eérú ni. Ìbéèrè méjì yẹn ni ìdánwò wa fẹ́ dáhùn. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó báwo ló yẹ kó wọ inú fíìmù kó tó lè gbé dídú yẹn láìjẹ́ pé ohun tó wà nínú òkùnkùn sọ nù? Ìṣẹ́jú mélòó ni fíìmù sì máa lò nínú oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́ kí dídán má baà di àmì funfun báláú níwájú orí?

Mítà ò mọ èèyàn, ká ti mọ ìyẹn. Èyí tó wà lára kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà lára nǹkan ló ń kà, ohun yòówù kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí, ó gbà pé àwọ̀ eérú ló yẹ kó ní. Kọ ọ́ sí léèsì funfun, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á bù ú kù, ojú á sì rì. Sún mọ́ ojú adúmáadán títí ojú náà á fi kún inú kámẹ́rà, á ní òkùnkùn ti pọ̀ jù, á bu ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹni tó dú minimini á wá dà bí ẹni tó fi eérú wẹ̀. Léèsì ló tan mítà mi jẹ lọ́jọ́ ti Màmá.

Kámẹ́rà tèmi gan-an tún ní ẹ̀jọ́ tirẹ̀. Yashica Mat 124G ni, irú èyí tó jáde ní 1970. Bátìrì mẹ́kúrì oní 1.35 fóltì ni wọ́n ṣe mítà inú ẹ̀ fún, bátìrì yẹn ò sì sí lórí àtẹ mọ́. 1.5 là ń rí rà. Díẹ̀ tó lé yẹn ń mú kí mítà rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa mítà inú ẹ̀ tì, tí mo ra mítà ọlọ́wọ́, èyí tó ní ìdérí funfun roboto bí ìlàjì ẹyin. Iwájú àgbọ̀n ẹni tí mò ń yà ni mò ń gbé e sí, ojú ẹ̀ á kọ kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá ojú onítọ̀hún ló ń kà. Ohun tó wọ̀ ò kàn án. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀ lè ka àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ kan náà ni kó máa lò títí.

Fíìmù tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ ni Ilford HP5 Plus, fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun, oní 120, ISO 400. ISO ni nọ́ńbà ara páálí tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó. Mobberley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é. Irú fíìmù 120 yìí ti pẹ́ láyé, 1901 ni Kodak gbé e jáde. Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ó sì ní ìwé lẹ́yìn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Lórí Yashica, fọ́tò méjìlá péré ló ń yà, ìbú àti òró wọn dọ́gba. Àyè tí ojú èèyàn ní lórí ẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ti fíìmù kékeré oní 35 lọ, ìdí nìyẹn tí ìpéǹpéjú fi máa ń dá dúró ní ẹyọ ẹyọ. Àwọn tó ń bọ̀ láti London ló sábà ń bá mi gbé e wá. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e dání, kí wọ́n má kó o sínú ẹrù tí ń lọ sí abẹ́ ọkọ̀ òfurufú, torí X-ray tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù yẹn wò lágbára, ó lè fi kùrukùru sára fíìmù.

Àbúrò mi obìnrin ló jókòó fún mi. Mo ní kó di irun olówùú, kó wọ bùbá funfun tí wọ́n rán ọrùn ẹ̀ dáadáa, kó fi ìborùn dúdú lé èjìká kan. Mo fẹ́ kí funfun tó le jù àti dúdú tó le jù wà nínú fọ́tò kan náà, kí ojú wà láàárín wọn. Irun ló ṣe pàtàkì jù fún mi: òwú dúdú lórí irun dúdú, tó sì tún ń kọ mànà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí fíìmù lè ṣe pẹ̀lú irun, kó wá iṣẹ́ olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere wò, ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú dákírúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn níbí ní 1954, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Dúdú lórí dúdú ni púpọ̀ nínú ẹ̀, síbẹ̀ ẹ ó tọ ìlà dídì kọ̀ọ̀kan dé ìdí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lábẹ́ òjìji ọ̀dẹ̀dẹ̀, kámẹ́rà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mítà ní f/5.6 fún ihò lẹ́ǹsì àti 1/125 ìṣẹ́jú àáyá fún ṣọ́tà tí mo bá fi ISO 400 sí i. Mi ò fọwọ́ kan f/5.6 yẹn mọ́, torí tí ẹ bá ń yí ihò lẹ́ǹsì, bí ojú ṣe mú náà á máa yí, ẹ ò ní mọ èwo lẹ̀ ń dán wò. Ṣọ́tà nìkan ni mo yí: 1/250, bí ẹni pé fíìmù náà jẹ́ 800, 1/125 fún 400, 1/60 fún 200, 1/30 fún 100. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Àbúrò mi gbé wàláà kékeré dání, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí i, mo ń nù ún, mo ń kọ òmíràn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín pé ẹ máa rántí, ẹ ò ní rántí.

Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, inú pálọ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ kan. Mẹ́ta nínú oòrùn ọ̀sán, 400, 200 àti 100. Àbúrò mi kùn gan-an fún ti oòrùn yẹn, àwọn ará ilé sì ń bi í bóyá páálí ìpara ni fọ́tò náà ń lọ. Ìkejìlá, mo dé lẹ́ǹsì pa, mo tẹ ṣọ́tà. Òfìfo. Ẹ máa rí ìwúlò ẹ̀ láìpẹ́.

Ó wá ku ká fọ̀ ọ́, níbi tí ooru wa ti ń fojú èèyàn rí màbo. Ọwọ́ á máa làágùn nínú àpò dúdú tẹ́ ẹ fi ń yí fíìmù sínú táǹkì, fíìmù á sì máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹ nu ọwọ́ gbẹ, ẹ tan fáànù, ẹ má kánjú. Oògùn tí mò ń lò ni ID-11, mo fi omi là á, ìdajì-ìdajì. Ilford ní 13 ìṣẹ́jú fún HP5 Plus tí omi bá wà ní 20°C. Ta ló rí omi 20°C n'Íbàdàn? Omi táǹkì òrùlé mi lè tó 30 lọ́sàn-án. Bí oògùn bá sì ṣe gbóná sí ló ṣe ń yára sí.

Mo máa ń to píọ̀ wọ́tà tó ti dì yí ìgò oògùn ká nínú bàsíà, láìtú ọ̀rá wọn, mo sì ń wo tẹmómítà. Mo ti gbìyànjú 20 rí. Kó tó di pé mo parí, yìnyín ti yọ́, oògùn ti gun 23. Ní báyìí, 24 ni mo fìdí kalẹ̀ sí, torí mo lè dì í mú níbẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 9 ló sì ń gbà. Ẹ má jẹ́ kí àsìkò náà wá sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 5 lọ, oògùn ò ní lè ká fíìmù dọ́gba, ojú á máa ṣe bátabàta. Mo ń dojú táǹkì dé nígbà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bákan náà lójoojúmọ́. Háípò, oògùn kejì tí kì í jẹ́ kí àwòrán yí padà mọ́, náà gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n ooru kan náà. Fún ṣíṣan, ìlànà Ilford kan bá ilé tí omi kì í ti í yọ mu: ẹ da omi sí i, ẹ dojú ẹ̀ dé nígbà 5, ẹ dà á nù; òmíràn, nígbà 10; òmíràn, nígbà 20. Ó tán. Ilé ìwẹ̀ ni mo ń sá a sí, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí eruku.

Lórí nẹ́gẹ́tíìfù, ayé ti yí po: bùbá funfun á dú, ojú á mọ́ bí ike. Mo gé e sí mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta, mo to gbogbo ẹ̀ sórí ìwé fọ́tò kan ṣoṣo, mo fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́. Òfìfo ìkejìlá ni mo kọ́kọ́ fi dán iná wò, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́sàn-án, títí mo fi dé ibi tó ti dú débi tí kò tún lè dú sí i mọ́. Àsìkò tó kéré jù tó gbé mi débẹ̀ ni mo fi tẹ gbogbo méjìlá. Àṣírí ìdánwò náà nìyẹn: nígbà tí òfìfo bá ti dú tó bó ṣe yẹ, ojú tó bá jáde dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ ni nọ́ńbà yín. Ẹni tó bá jẹ́ sìkánà ló ń lò, kó pa gbogbo àtúnṣe tí ẹ̀rọ náà ń dá ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa tún ojú wọ̀nyí ṣe títí wọ́n á fi jọra.

Ní 800, ihò ojú àbúrò mi ti ṣófo, abẹ́ àgbọ̀n ò sí. Ní 400, iwájú orí dáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dáa, ṣùgbọ́n irun olówùú ti lẹ̀ pọ̀ bí ẹni da ọ̀dà lé e lórí. Ní 200, òwú yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà ọrùn yọ, okùn tí wọ́n fi rán ọrùn bùbá ṣì wà níbẹ̀. Ní 100, ojú ti ń lọ sí àwọ̀ eérú, okùn ọrùn bùbá sì ti wọ inú funfun lọ. Mo kọ 200 sára páálí.

Àmọ́ àwọn tinú oòrùn ò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Dídán iwájú orí ti fẹ̀, ó ti di àlẹ̀mọ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀ lára fíìmù máa ń tètè parí iṣẹ́ ẹ̀ nínú oògùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ló ń pọ̀ sí i ṣáá níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Torí náà, ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ́ kó wọlé ló ń gba dídú là, àsìkò inú oògùn ló sì ń kó dídán níjàánu. Mo ya rólù kejì, 200 látòkèdélẹ̀, mo fà á jáde ní ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ dípò 9. Dídán náà kéré sí hóró ẹ̀wà kan lókè ojú òsì, òmíràn ní orí imú. Ibẹ̀ ni mo dúró.

Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ fíìmù tàbí oògùn, ẹ tún un ṣe. Ilford Ortho Plus, fún àpẹẹrẹ, kì í rí pupa rárá. Awọ ara wa máa ń dú sí i lórí ẹ̀, irorẹ́ tẹ́ ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà á sì jáde. Mo fẹ́ràn ẹ̀ fún àwọn bàbá arúgbó. Mi ò jẹ́ fi ya ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Nígbà tí ìwé náà gbẹ, mo pe àbúrò mi kó wá mú ọ̀kan nínú méjìlá, owó ìjókòó rẹ̀ nìyẹn. Ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó fi ìka lé 100. “Bùọ̀dá mi, èyí ni. Mo pọ́n níbẹ̀.” Mo fi 200 hàn án, mo fi òwú irun ẹ̀ hàn án, mo sọ̀rọ̀ títí. Ó ní òun ti gbọ́, kí n bá òun tẹ 100.