Kí ló dé tí tẹlifíṣàn ilẹ̀ Britain àtijọ́ fi ń da oríṣiríṣi ètò pọ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo?

Ìbéèrè: Ẹni tó bá yẹ àtòjọ ètò BBC ti àwọn ọdún 1960 wò yóò rí ètò ọmọdé, ìròyìn, àwàdà, àlàyé lórí sáyẹ́ǹsì, bọ́ọ̀lù àti ìjíròrò lórí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn láàárín wákàtí mélòó kan. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ owó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. BBC kì í gba ìpolówó ọjà nílẹ̀ Britain. Owó ìwé-àṣẹ tí ilé kọ̀ọ̀kan tó ní tẹlifíṣàn ń san lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ tẹlifíṣàn tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946 lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pọ́n-ùn méjì ni ìwé-àṣẹ náà. Iye kan náà ni àgbẹ̀ ilẹ̀ Scotland, olùkọ́ ní London àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Manchester ń san, nítorí náà kò sí èyí tó tọ́ kí a sọ fún nínú wọn pé kò sí tirẹ̀ lálẹ́ òní. John Reith tó jẹ́ olórí BBC nígbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti fi ojúṣe mẹ́ta lélẹ̀: kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ tó aráàlú létí, kí wọ́n máa kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì máa dá wọn lára yá. Títí di 22 September 1955, tí ITV tó ń fi owó ìpolówó ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní London, ìkànnì kan péré ló wà, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni ojúṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà wọlé.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní sàn kí wọ́n ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, kí wọ́n ya òmíràn sọ́tọ̀ fún eré oníṣe, kí olúkálùkù mọ ọjọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Wọ́n dán an wò, wọn kò sì pẹ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ní 20 April 1964 ni BBC2, ìkànnì kejì BBC, yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iná ṣẹ́ yọ ní ilé-iṣẹ́ mànàmáná Battersea, òkùnkùn bo ìwọ̀-oòrùn London, ètò ìfilọ́lẹ̀ náà kò sì lè wáyé. Play School, ètò àwọn ọmọ kéékèèké, ni ètò àkọ́kọ́ tó jáde bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, Denis Tuohy fẹ́ àbẹ́là kan pa lójú àwọn òǹwòran, kí wọ́n lè mọ̀ pé iná ti dé.

Michael Peacock tó jẹ́ alákòóso ìkànnì náà ti pinnu pé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ yóò ní ojú tirẹ̀. Ọjọ́ Tuesday, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ti ẹ̀kọ́. Ìṣòro ètò náà kò fara sin: ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Tuesday kò ní ìdí kankan láti ṣí BBC2 láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru. Yàtọ̀ sí èyí, tẹlifíṣàn àtijọ́ kò lè gbé ìkànnì tuntun náà, nítorí pé ìlà 405 ló fi ń to àwòrán nígbà tí BBC2 ń lo ìlà 625, nítorí náà àwọn òǹwòran rẹ̀ kéré láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1965, David Attenborough gba ipò alákòóso, ó sì gbé dída oríṣiríṣi ètò pọ̀ dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé e dé. Ìwádìí àwọn ohun àtijọ́ abẹ́ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣòwò, ìrìn àjò, orin àti eré ìdárayá lè bára wọn pàdé ní alẹ́ kan. Nígbà tí àwòrán aláwọ̀ mèremère bẹ̀rẹ̀ lórí BBC2 ní 1 July 1967, pẹ̀lú ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon, Attenborough wá ètò tí àwọ̀ yóò wúlò fún gan-an. Lọ́dún 1969 nìkan, ìkànnì yìí gbé Civilisation jáde, ìyẹn ètò onípá mẹ́tàlá tí Kenneth Clark fi ṣàlàyé iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì tún gbé Pot Black jáde, ìdíje snooker (eré fífi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì) tí kò ju ìdajì wákàtí lọ, nínú eré tó jẹ́ pé àwọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń sọ iye àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Lójú tèmi, ọ̀wọ̀ ńlá fún òǹwòran ló wà nínú kí ilé-iṣẹ́ kan náà fi irú ìtọ́jú kan náà ṣe méjèèjì.

Àwọn tó ń to ètò tún ní ọgbọ́n kan: wọ́n máa ń fi ètò tó le sáàárín méjì tí aráàlú fẹ́ràn, kí ẹni tó ń dúró de èyí tó kàn lè bá ohun tí kò wá pàdé. Lẹ́yìn tí BBC di ìkànnì méjì, wọ́n tún ń ṣètò kí ètò orí méjèèjì parí lásìkò kan náà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí èèyàn lè yí sí èkejì láìpàdánù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Òótọ́ ni pé wákàtí kan wà tí kò sí ohunkóhun lórí tẹlifíṣàn?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Láago mẹ́fà sí aago méje ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìkànnì ń dákẹ́ kí àwọn òbí lè rí àyè mú àwọn ọmọ kéékèèké lọ sùn. ITV kò fẹ́ ẹ, nítorí pé wákàtí tí kò sí ètò ni wákàtí tí kò sí owó ìpolówó. BBC, tí owó tirẹ̀ kò dín kù, kò rí ìdí láti kánjú. Mínísítà tó ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́, Charles Hill, ló fòpin sí i, wákàtí náà sì ṣí ní 16 February 1957. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìyẹn ní 18 February, BBC fi Tonight sí àyè náà, ètò tí Cliff Michelmore ń darí, tí ọ̀rọ̀ òṣèlú, orin àti ìròyìn àwọn èèyàn lásán sì jọ wà nínú rẹ̀. Ìjọba kò ṣíwọ́ pátápátá lórí iye wákàtí tí tẹlifíṣàn lè fi ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1972. Ní December 1973 pàápàá, nígbà tí epo àti èédú wọ́n, wọ́n pàṣẹ pé kí ìkànnì máa tì ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé a ṣì lè wo irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ìdáhùn: Ó ṣòro púpọ̀. Fọ́nrán fídíò wọ́n nígbà náà, wọ́n sì máa ń pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò. Àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn òṣèré náà kò sì gba àtúngbéjáde lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dùn mí pé ohun tí gbogbo ìlú dáwó fún ṣòfò báyìí. Lára ohun tó bá a lọ ni ọ̀pọ̀ apá Doctor Who, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní 23 November 1963, tí wọ́n dìídì ṣe láti so ètò eré ìdárayá ọ̀sán Saturday pọ̀ mọ́ ètò orin àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé e. Àmọ́ BBC ti ta ẹ̀dà rẹ̀ lórí fíìmù fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn òkè òkun, títí kan Nàìjíríà. Ní October 2013, BBC kéde pé apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù, láti ọdún 1967 àti 1968, ni Philip Morris, ẹni tó ń wá fíìmù tẹlifíṣàn tó sọnù, rí ní ibùdó tẹlifíṣàn kan ní Jos. Pẹ̀lú wọn, The Enemy of the World, ọ̀kan lára àwọn ìtàn Doctor Who, pé pátá. Ti ìtàn kejì, The Web of Fear, ṣẹ́ ku ẹyọ kan, apá kẹta, tí kò sí láàárín ohun tí wọ́n gbà padà.