Àkọ́sórí Ò Lè Gbà Yín, Ẹ Wo Gbòǹgbò Ọ̀rọ̀

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ mẹ́ta ló kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé iṣẹ́ tíṣà ni “vacation” àwọn. Ìsinmi ni vacation. Inú vacare ti èdè Látìn, kí nǹkan ṣófo, ló ti jáde. Vocation ni wọ́n ń wá, láti ara vocare, Látìn náà ni, kí a pe èèyàn. Ìpè àti òfìfo kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mi ò sì tíì rí ẹni tí àkọ́sórí sọ di ọ̀mọ̀wé. Ègé kékeré tó ṣíwájú voc ni kí ẹ tẹjú mọ́, òun ló ń darí ọ̀rọ̀. Ad, “sọ́dọ̀”: advocate ni ẹni tí a pè sọ́dọ̀ kó wá bá wa rojọ́. Con, “jọ”: convocation, wọ́n pè yín jọ. Re, “padà”. Pro, “síta”: provocare, kí o pe ẹnìkan síta wá jà. Kí wá ni ìpèníjà tiwa? Pè-ní-ìjà! Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kó tó wọ kíláàsì. Ẹ má sì jẹ́ kí K inú provoke dà yín láàmú: C náà ni, wọ́n pa á dà kí E má baà sọ ohùn rẹ̀ di S.

Àwọn tó ń ta ìwé pélébé, “ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde nínú ìdánwò”, àwọn ni mò ń bá wí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọmọkùnrin kan pé revoke ni kí a sọ nǹkan dọ̀tun. Lẹ́tà ìjọba dé lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó kà á ní pálọ̀, bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n tì í sínú àpótí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti pe ẹ̀tọ́ tó fún wọn padà ni! Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fún gómìnà lágbára bẹ́ẹ̀ fún àǹfààní ìlú, ó sì ní kí wọ́n sanwó ohun tí onílẹ̀ ti kọ́ síbẹ̀. Clamare, kígbe, ló bí claim, kí a béèrè ohun tó tọ́ sí wa. Bàbá ò kígbe títí katapílà fi dé ìdí ògiri.

Wọ́n fi lẹ́tà náà hàn mí. Bírò pupa wà lábẹ́ revoked, ọmọ náà sì ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wínniwínni: “ó ti dọ̀tun”.