Ibi tí fàlíìsì àwa mẹkáníìkì ti wá

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, fàlíìsì là ń pe ẹ̀rọ tí a fi ń bi mọ́tò léèrè ohun tó ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé la ti yá orúkọ náà, àpótí ìrìn-àjò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lónìí, òmíràn kò ju páálí ìṣáná lọ, síbẹ̀ fàlíìsì náà la ṣì ń pè é.

Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kíkọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ouando. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà tó máa ń ka gbogbo mọ́tò?" Mo ní kò sí. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wẹ̀sì, ó rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́ fún òun. Mo ní kó jókòó, kí n sọ ibi tí nǹkan yìí ti wá fún un, torí inú ìtàn yẹn ni ìdáhùn wà.

Kì í ṣe torí mẹkáníìkì ni wọ́n ṣe fi ẹnu oníhò 16, ibi tí à ń ki fàlíìsì bọ̀, sábẹ́ sítíárìn. Èéfín ló bí i.

Lóṣù Keje ọdún 1943, kùrukùru kan bo ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ojú ń ta àwọn èèyàn, ọ̀fun ń hó wọn. Ogun ń lọ lọ́wọ́, àwọn kan sì rò pé àwọn ará Japan ló da gáàsì olóró sí wọn. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Caltech, yunifásítì kan ní California, Arie Haagen-Smit, tí wọ́n bí ní Netherlands. Ohun tó ń mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ta sánsán ló ń wádìí kí wọ́n tó ní kó bá àwọn wo afẹ́fẹ́ ìlú náà. Ó rí i pé èéfín mọ́tò àti ti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo ni, tí oòrùn bá ti pa á, á di gáàsì tí wọ́n ń pè ní ozone, tó máa ń mú rọ́bà sán. Rọ́bà ló fi wọ̀n ọ́n: ó tẹ rọ́bà kọrọdọ, ó gbé e sínú afẹ́fẹ́ náà, ó wá ń wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó sán. Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an. Àwa tí à ń rí rọ́bà tó sán lára mọ́tò lójoojúmọ́, ta ni nínú wa tó bi í pé kí ló sán an?

California dá àjọ tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1967, Haagen-Smit yìí kan náà ni alága àkọ́kọ́. Lọ́dún 1970 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tó le lórí èéfín. Kabúrétọ̀ kò lè da epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ déédéé tó bí òfin ṣe fẹ́, làwọn tó ń ṣe mọ́tò bá gbé kọ̀ǹpútà wọ inú ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà tó sì ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì lè rántí ohun tó bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n kálukú ló ń sọ èdè tirẹ̀. Lára mọ́tò General Motors ìgbà náà, mẹkáníìkì á fi wáyà kékeré so ihò méjì pọ̀, á wá máa ka bí iná inú dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe ń ṣẹ́jú: ẹ̀ẹ̀kan, ó dánu dúró, ẹ̀ẹ̀mejì. Nọ́ńbà 12 nìyẹn. Láti orí mọ́tò ọdún 1988, California ní gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣọ́ ara rẹ̀, kó sì tanná bí nǹkan bá bàjẹ́, àmọ́ wọn ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni lórí bí ẹnu ibẹ̀ yóò ṣe rí. Ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ yí padà káàkiri Amẹ́ríkà: ẹnu kan náà, nọ́ńbà kan náà. Láti ìgbà yẹn, P0301 lára Ford ni P0301 lára Toyota, ìyẹn ni pé sílíńdà kìíní ò jóná dáadáa.

Yúróòpù kò tíì ṣe é nígbà yẹn. Ọdún 2001 ni wọ́n sọ ọ́ di dandan fún mọ́tò tuntun tó ń jẹ epo bẹntiróòlù, ti dísù sì di 2004. Ẹ fi ọdún wọ̀nyí sọ́kàn, torí Kútọnu ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ti ń sọ̀ kalẹ̀ pa pọ̀.

Mo jìyà àìmọ̀ yìí. Mọ́tò kan dé láti Bẹ́ljíọ̀mù, ti ọdún 1999. Mo wo abẹ́ sítíárìn, ihò 16 pé. Mo ki fàlíìsì bọ̀ ọ́, iná rẹ̀ tàn, mo yọ̀, ó ní òun ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì ni èmi àti ọmọṣẹ́ mi fi tú dáṣíbọ́ọ̀dù tá à ń wá wáyà tó já. Kò sí èyí tó já. Ihò kẹrìndínlógún ni iná bátìrì ń gbà wọlé, ìyẹn ló tan fàlíìsì. Ẹnu wà lóòótọ́, àmọ́ èdè àjọsọ kò sí nínú rẹ̀, torí ọkọ̀ náà ṣáájú òfin. Fàlíìsì tó mọ èdè ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló kà á níkẹyìn.

Ohun kejì ni pé ọ̀rọ̀ èéfín nìkan ni òfin yẹn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bíréèkì ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há) àti báàgì afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ṣe ọkọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wọn ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí fàlíìsì kan fi wọ́n ju òmíràn lọ fíìfíì. Èyí kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ELM327 ló pilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kékeré tí ilé-iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà gbé jáde. Wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, àwọn aláfarawé sì dà á kọ. Bẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà ẹ̀dà "v1.5" lára ẹ̀, ayédèrú ni, Elm kò ṣe 1.5 rí. Mo ní ọ̀kan, ó wúlò fún wíwo ẹ́ńjìnnì lásán, n kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ bíréèkì lé e lọ́wọ́.

Mo wá bi àbúrò náà pé irú mọ́tò wo ló ń wá sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ jù. Ó ní Peugeot oní-dísù àwọn onítasín, àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 2004. Mo ní kó má ra èyí tó ń ka nǹkan àjọsọ nìkan, kó ra èyí tó mọ èdè àwọn Faransé dáadáa, kó sì mú mọ́tò kan dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ó mú 406 kan lọ. Méjì àkọ́kọ́ tanná, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀kẹta ka ẹ́ńjìnnì, ó wọ inú ABS, ó sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì ni sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń ka bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ń yí, ti kú. Èyí ló sanwó fún.