Pósítífù ló wà ní bọ́dì: iná alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́

Àwọn tó ń gun alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì bíi BSA, Triumph, Norton tàbí Matchless ayé ọjọ́un máa ń fi ilé iṣẹ́ Lucas ti Birmingham ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni Ọmọ Ọba Òkùnkùn, torí Lucas ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń múná wá lára àwọn alùpùpù náà, wọ́n sì ní iná rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ẹ̀fẹ̀ náà dùn, àmọ́ èmi tí mo ń fi iṣẹ́ rìwáyà jẹun kò fara mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá pé ó ti kú, kò kú rárá. Wáyà tó ti dípẹtà ni, tàbí ọwọ́ ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn.

Bọ́dì, ìyẹn irin ara alùpùpù, ló kọ́kọ́ ń ṣi àwọn ènìyàn wa lọ́nà. Lára Honda tàbí Bajaj tí wọ́n ń gùn nílé, nẹ́gátífù bátìrì ló ń lọ sí bọ́dì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 títí di apá ìparí àwọn ọdún 1970, pósítífù ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń so mọ́ bọ́dì. Lára àwọn ti ọdún 1960 síwájú, wáyà pupa tí ẹ bá rí, wáyà bọ́dì ni. Aláwọ̀ búráùn tó ní ìlà búlúù ló ń gbé iná kúrò lórí bátìrì. Ẹni tó bá fi ojú Honda wò ó, tó so bátìrì sódì, bí orí bá bá a ṣe é, fíùsì nìkan ló máa já. Bí kò bá sí fíùsì, rẹkitifáyà, tó ń sọ iná di èyí tí bátìrì lè gbà, lè jóná kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣáájú 1950 ni wọ́n ṣe alùpùpù náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, torí nẹ́gátífù ló wà ní bọ́dì púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú dínámò, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè ṣe iná fún bátìrì. Lucas E3L ló wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù àwọn ọdún 1950: fóòtì 6, wáàtì 60 péré. Bí bátìrì kò bá gba iná mọ́, ẹ má tíì lọ ra òmíràn. Ẹ tú wáyà méjèèjì tó wọ dínámò, lójú tí wọ́n kọ D sí àti lójú tí wọ́n kọ F sí, kí ẹ fi wáyà kékeré kan so ojú méjèèjì pọ̀. Ẹ fi nẹ́gátífù mítà kan ibẹ̀, kí pósítífù rẹ̀ kan bọ́dì, kí ẹ wá kíìkì ẹ́ńjìnnì, kó máa sáré díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mítà yẹ kó gòkè kíákíá láìgbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó dé fóòtì 10. Bó bá dúró sí nǹkan bí ìdajì fóòtì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ́ìlì fíìdì, wáyà wíwé tó dúró sójú kan nínú dínámò, ló bàjẹ́. Bó bá dúró láàárín 1.5 sí 2, ẹ fura sí ámíṣọ̀, apá tó ń yí nínú rẹ̀. Bí kò bá mira rárá, ẹ kọ́kọ́ wo kábọ́ọ̀nù tó ń fara kan ámíṣọ̀ láti gba iná: ó lè ti jẹ tán, tàbí kó há sínú ihò rẹ̀. Bí fóòtì bá gòkè bó ṣe yẹ, dínámò kò lẹ́jọ́ láti rò, ẹ lọ wo wáyà àti àpótí régúlétọ̀ tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí bátìrì.

Máńẹ́tò, tó ń ṣe iná fún púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, kò bá bátìrì da nǹkan pọ̀. Ìdí nìyẹn tí alùpùpù fi lè máa sáré nígbà tí gbogbo gílóòbù ti kú. Àrùn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù nìyí: tó bá tutù, kíìkì ẹyọ kan ti tó, tó bá gbóná, tí ẹ pa á níbi tí ẹ ti ń ra epo, kò ní jí mọ́ àfi tó bá tutù. Kọ̀ńdẹ́ńsà, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀ nínú máńẹ́tò, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lára máńẹ́tò Lucas K2F, inú ámíṣọ̀ ni wọ́n fi í sí, nítorí náà owó iṣẹ́ máa ń ju owó ọjà lọ fíìfíì.

Lára àwọn tó ti di fóòtì 12 ní àárín àwọn ọdún 1960, dáyóòdù Zener ló ń gba iná tó bá pọ̀ jù. Bàbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ṣẹ́ bí ẹ bá fi agbára mú nọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹ ha ojú ibi tó jókòó sí mọ́ tónítóní, kí ẹ má sì ki ohunkóhun sáàárín wọn.

Ní ti rírà, nọ́ńbà tí Lucas tẹ̀ sára irin ni ẹ óò fi bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, kì í ṣe "ti Triumph 650". Ẹgbẹ́ Vintage Motor-Cycle Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Britain ní 1946, ní ibi ìkówèésí tí ọmọ ẹgbẹ́ ti lè rí ìwé àtúnṣe àti àwòrán wáyà. Ọdún tí wọ́n ṣe alùpùpù náà gan-an ni kí ẹ béèrè. Àwòrán ti 1965 lè ṣi yín lọ́nà lára ti 1966.