Bí párí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣáàkì ṣe ń ti orí ẹja di ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ ra párí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ekurá, ìyẹn ṣáàkì, ní Èkó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Èló ni?" Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni "Irú ṣáàkì wo ni?" Orúkọ ẹja náà ló ń sọ ibi tí wọ́n lè gbé e dé.

Ṣáàkì kò ní eegun líle. Ohun tó gbé eyín rẹ̀ ró rọ̀ bíi ti etí ènìyàn. Àgbọ̀n òkè rẹ̀ kò sì lẹ̀ mọ́ agbárí pinpin bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ ọ̀bẹ lò fi lè yọ tòkè tìsàlẹ̀ jáde ní odidi, bí òrùka. Eyín náà kò ní gbòǹgbò nínú àgbọ̀n, inú èrìgì ló ti mú. Lẹ́yìn ìlà tó wà níwájú, àwọn ìlà mìíràn sùn sẹ́yìn, wọ́n ń retí kí ti iwájú bọ́.

Sísè ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹni tó ti se orí màlúù rí á rò pé bákan náà ni. Kí ó tó ṣí ìkòkò, èrìgì ti yọ́, àgbọ̀n ti ká kò, eyín sì ti dà sí ìsàlẹ̀ omi bí àgbàdo.

Bí wọ́n bá ra orí tútù ní Àṣejèrè, ní Makoko, ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n á fi máa họ ẹran kúrò díẹ̀díẹ̀, láìfọwọ́ kan èrìgì tó di eyín mú. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tútù, wọ́n á tún họ ọ́. Oríkèé méjèèjì tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti pàdé ni ẹran máa ń sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni òórùn ti ń wá lẹ́yìn oṣù méjì. Hydrogen peroxide, èyí tí kẹ́mísìtì ń tà fún egbò, ìdá 3 nínú 100, ló ń sọ ọ́ di funfun. Kí ẹnikẹ́ni má da Jik sí i o, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́.

Ó ku gbígbẹ. Wọ́n á fi igi tín-ín-rín há ẹnu náà kó yà sílẹ̀, torí bó bá ṣe gbẹ náà ló ṣe máa wà, ó sì máa ń sún kì. Oòrùn gangan á lọ́ ọ. Ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ló dára. Àsìkò ọyẹ́ ló bá a mu jù. Ní oṣù Okúdu, tí òjò kì í dá ní Èkó, á ti bu bíi búrẹ́dì àná kó tó gbẹ.

Ẹni tó ń ra èyí tó ti gbẹ gbọ́dọ̀ yí i padà wo ẹ̀yìn. Ayédèrú tí wọ́n fi ike dà, eyín rẹ̀ á jọra bí ìbejì, kò sì ní ní ìlà tó sùn sẹ́yìn. Eyín náà ló tún ń tú àṣírí orúkọ: èyí tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó ní ṣóńṣó wẹ́wẹ́ bí ogbe àkùkọ, ti tiger shark ni, èyí tó gùn tín-ín-rín tí etí rẹ̀ ń dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mako.

Orúkọ yìí ni òfin ń béèrè. Nàìjíríà ti wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti ewéko tó lè parun, láti 1974. Àdéhùn náà ti ń ṣọ́ òwò ṣáàkì hammerhead tó ń kọjá ẹnubodè láti 2014, ó fi mako kún un ní 2019, nígbà tó sì di oṣù Bélú 2023, ó kan gbogbo ìdílé tí bull shark àti blacktip wà. Kì í ṣe pé wọ́n ka èyí tó pọ̀ jù nínú wọn léèwọ̀. Ìwé àṣẹ ni ẹni tó ń gbé e jáde gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká. Ti sawfish, ẹja tí imú rẹ̀ dà bí ayùn, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ṣòwò kọjá ẹnubodè.

Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n kó jọ a máa ya fọ́tò odidi ẹja kí ọ̀bẹ tó kàn án. Wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀, etíkun tó ti wá àti ọjọ́ tí wọ́n rà á sórí páálí kékeré, wọ́n á sì so ó mọ́ oríkèé rẹ̀.