Bí RAV4 Hybrid ṣe ń ṣọ́ epo jẹ, àti ohun tó ń pa bátìrì rẹ̀

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni iyì RAV4 Hybrid, ọkọ̀ Toyota tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, ti ń hàn. Gẹ́gẹ́ bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe wọn èyí tó jáde lọ́dún 2021, lítà epo kan ń gbé e rin nǹkan bíi kìlómítà 17 láàárín ìlú, àmọ́ 16 péré ló ń rìn lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lo epo nìkan kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìgboro ló ti máa ń jẹ epo jù.

Ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 àti ẹ̀rọ oníná ló jọ ń yí táyà. Tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, iná bátìrì ló sì máa kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan. Tí awakọ̀ bá tẹ búréèkì, ẹ̀rọ oníná yẹn á di jẹnẹrétọ̀, á sọ eré tí ọkọ̀ ń sá di iná, á sì dá a padà sínú bátìrì. Ìdí nìyẹn tí páàdì búréèkì rẹ̀ fi ń pẹ́. Iná ló ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́ésì náà, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà ẹ́ésì kì í kú tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ẹni tó kó ọmọ mẹ́ta sẹ́yìn nínú oòrùn ọ̀sán mọ ìtura tó wà níbẹ̀.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì ńlá náà wà, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ló sì ń tù ú lára. Ihò tó ń fa afẹ́fẹ́ sí i wà nísàlẹ̀ ìjókòó, níbi tí àwọn ọmọ ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń pa á láìmọ̀. Wọ́n á ti báàgì iléèwé sí i lẹ́nu, tàbí kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó gùn jù bò ó. Eruku àti èérún bisikíìtì á kún asẹ́ rẹ̀. Bátìrì á gbóná, fáànù rẹ̀ á máa pariwo, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì dín iṣẹ́ bátìrì kù, ẹ́ńjìnnì á wá máa jẹ epo bíi ti ọkọ̀ yòókù. Ní ìlú eléruku, ẹ máa yọ asẹ́ yẹn wò nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á mọ́. Ẹ má bu omi sí ihò náà rárá.

Ọ́ìlì 0W-16 ni Toyota ní kí wọ́n máa lò. 20W-50 tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fẹ́ràn ki jù fún ẹ́ńjìnnì tó ń kú, tó tún ń jí lemọ́lemọ́. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ike kúláǹtì méjì ló wà: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún inverter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ oníná ń lò. Wọn kì í ṣọ̀rọ̀ èyí kejì tó, bẹ́ẹ̀ tó bá gbẹ, ọkọ̀ á dúró sójú ọ̀nà. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ń gbé iná tó ju 200 volt lọ. Ríwáyà tí kò kọ́ iṣẹ́ hybrid kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó fẹ́ ra tọ́kúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, kó kíyè sí èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2019 sí 2021. Ó ní ẹ̀rọ oníná mìíràn lẹ́yìn tó ń yí táyà ẹ̀yìn, wáyà ló sì so ó mọ́ iwájú. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín máa ń jẹ ẹnu wáyà yìí, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ka iná apá kọ̀ọ̀kan bátìrì bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Tí apá kan bá ń já wálẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bátìrì yẹn ti ń lọ sópin, ẹ yọ owó òmíràn kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.