Mẹ́ńtọ́ọ̀lù ò ṣí imú tó dí o

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé tí ọ̀fìnkìn bá dí wọn nímú, kí wọ́n ṣáà ti fa mẹ́ńtọ́ọ̀lù, èròjà tó ń tutù nínii lára tó ń wá látinú ewé mint, símú, imú ti là nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn olùṣèwádìí ti fi ẹ̀rọ díwọ̀n atẹ́gùn tó ń gba imú àwọn tí ọ̀fìnkìn ń bá jà kọjá, kí wọ́n tó lo mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti lẹ́yìn tí wọ́n lò ó, atẹ́gùn yẹn ò pọ̀ sí i, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ń sọ pé áà, imú àwọn ti là.

Kí ló fà á? Lára iṣan tá a fi ń mọ òtútù, purotéènì kan wà tó ń jẹ́ TRPM8, bí ilẹ̀kùn ló rí, òtútù ló ń ṣí i, tó bá ti ṣí, iṣan á ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé òtútù dé. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù á kàn lọ lẹ̀ mọ́ ọn, á ṣí i láìsí òtútù kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, atẹ́gùn tútù tá a bá fà símú lọpọlọ fi ń mọ̀ pé ọ̀nà là, ìyẹn ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù fi ń tàn án jẹ pé imú ti là. Ọdún 2002 làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, David Julius tó wà lára wọn gba Nobel, ẹ̀bùn ńlá fáwọn onímọ̀, ní 2021.

Torí ẹ̀ náà ni kì í fi í wo ibà. Ara á máa tutù nínii lójú ẹni tó fi para, àmọ́ tẹmómítà ò ní torí ìyẹn wálẹ̀.

Ti àwọn ọmọ ọwọ́ ló ń dùn mí jù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi sí wọn nímú tàbí sábẹ́ imú, ó lè jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun wọn pa dé lójijì tí wọn ò sì ní lè mí.

Ó wúlò o, mi ò sọ pé kò wúlò. Ó ń jẹ́ kí ara ríro àti ara yíyún rọlẹ̀, òróró mint tó wà nínú kápúsù sì máa ń dẹ ìfun tó ń fún pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi pa ibi tó ń ro yín, ẹ má fi báńdéèjì dì í pinpin, ẹ má sì gbé nǹkan gbígbóná lé e, ó lè bó yín lára.

Fún imú tó dí, omi iyọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án, omi tẹ́ ẹ sè tó ti tutù ni kẹ́ ẹ fi pò ó.